Ọjà Tuntun Tí Kò Ní Ìyálọ́jà: Obìnrin, Fóònù àti Íntánẹ́ẹ̀tì ní Bantè àti Savalou

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn olóyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé wa)

     

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni ọ̀rọ̀ obìnrin àti íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti gbọ́ "féminisme" lórí rédíò, ara wọn kì í gbà á. Wọ́n á ní àwọn obìnrin Cotonou ló fẹ́ wá kọ́ ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń bá ọkọ jà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtumọ̀ tí èmi mú wá síbí, ẹ ó rí i pé kò le. Nígbà tí ohun tuntun bá wọ ìlú, kí a béèrè pé: ta ló ń jẹ èrè rẹ̀? Ta ló ń ru ẹrù rẹ̀? Ta ni wọn ò pè nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin rẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ bi íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Lẹ́yìn náà, mo ní àbá mẹ́rin fún ẹgbẹ́ wa, mo sì fẹ́ kí a fẹnu kò lórí wọn kí a tó tú ká.

Ọjà ni íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin bàbá wa, bí ọjà ṣe rí nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọba ló ni ilẹ̀ ọjà, ṣùgbọ́n obìnrin ló ń ná an. Ìyálọ́jà wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá já ọ̀dọ́mọbìnrin lólè, bí ẹnì kan bá tú aṣọ lára rẹ̀ láàárín ọjà, a mọ ilé ẹni tí a ó gbé ẹjọ́ lọ. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Íntánẹ́ẹ̀tì náà ti di ọjà. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin wa tó ń yan gààrí Savalou ti ń rí oníbàárà ní Cotonou. Wọ́n á ya fọ́tò gààrí, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, owó á wọlé lórí MoMo tàbí Moov kí ọkọ̀ tó gbéra. Nígbà kájú, tí ìjọba bá kéde iye tí wọn ò gbọ́dọ̀ rà á kéré sí, ẹni tó ní fóònù ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Ẹni tí kò ní, iye tí oníṣòwò bá sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà oko ni yóò tà á. Bó ṣe jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín èrè àti òfo nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọjà yìí kò ní Ìyálọ́jà. Àwọn tó kọ́ ọ kò gbé nílẹ̀ wa, wọn ò gbọ́ èdè wa. Bí wọ́n bá bú obìnrin ní èdè Ìṣà tàbí Ifẹ̀ lórí Facebook, ẹ̀rọ tó yẹ kó mú èébú kúrò kò mọ̀ pé èébú ni. Obìnrin tí wọ́n bá tú sí ìhòòhò níbẹ̀, ta ni yóò ké sí?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún wa pé ohun ọkùnrin ni ẹ̀rọ. Ní ọdún 1843, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Ada Lovelace, ló tẹ ìlànà jáde lórí bí a ṣe lè mú ẹ̀rọ ṣe ìṣirò, kí ẹnikẹ́ni tó rí kọ̀ǹpútà rí. Nígbà tí Amẹ́ríkà kọ́ kọ̀ǹpútà ńlá ENIAC, tí wọ́n fi han gbogbo ayé ní ọdún 1946, obìnrin mẹ́fà ló to iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Lágbo tiwa nìbí, Odunayo Eweniyi wà lára àwọn tó dá PiggyVest sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n gbé kóló tí àwọn ìyá wa ń sọ owó sí sórí fóònù. Obìnrin wà níbẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìgbà tí owó àti agbára dé ni wọ́n tì í sẹ́yìn.

Ta ló rí ọ̀nà wọ ọjà?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dí gbogbo ọ̀nà mọ́, ilé ni yóò jókòó sí. Ní ọdún 2024, àjọ ITU tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lágbàáyé sọ pé nínú 100 ọkùnrin, 70 ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú 100 obìnrin, 65 ni. Iyẹn ni ti gbogbo ayé. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, àlàfo náà gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kí ló fà á? Owó ni àkọ́kọ́. Ẹ rántí ọdún 2018. Ní oṣù Keje, ìjọba ṣe àṣẹ pé kí a máa san owó-orí fráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo Facebook, WhatsApp àti àwọn bíi tiwọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Jígà kan jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gà 1.000. Fráǹkì 5 lọ́nà 1.000, fráǹkì 5.000 nìyẹn, owó-orí nìkan, láìka owó mẹ́gà fúnra rẹ̀. Nígbà yẹn, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Benin jẹ́ fráǹkì 40.000. Ìdá kan nínú mẹ́jọ owó oṣù òṣìṣẹ́ lórí jígà kan! Obìnrin tó ń ta gààrí, tí kò gba owó oṣù kankan, ńkọ́?

Àwọn ọ̀dọ́ dìde lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà, wọ́n ń kọ "Taxe pas mes Mo" káàkiri, ìyẹn ni pé ẹ má gba owó-orí lórí mẹ́gà wa. Owó-orí náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba fi fagi lé e. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ ìtàn Abẹ́òkúta, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ohùn ará ìlú ń dá owó-orí padà. Láàárín ọdún 1947 sí 1949, Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà Ẹ̀gbá kò gbà kí wọ́n máa gba owó-orí lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n borí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹni tó ń san owó, ó yẹ kó ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Ohun kejì tó ń dí ọ̀nà ni orúkọ. Ẹ bi ara yín lẹ́ẹ̀rè: púùsù tó wà nínú fóònù ìyàwó yín, orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀? Láwọn ilé púpọ̀, orúkọ bàálé ni, tàbí orúkọ àbúrò ọkọ, torí pé ìyàwó kò ní ìwé nígbà tí wọ́n ń rà á. A máa ń rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó MoMo ń tẹ̀ lé orúkọ tó wà lórí púùsù. Bí fóònù bá sọnù, ẹni tó ni orúkọ ló lè gba púùsù náà padà. Bí ọkọ bá kú, tí àwọn ẹbí bá wá pín ogún, owó gààrí tí obìnrin fi ọdún mẹ́ta kó jọ, wọ́n lè ní ti olóògbé ni, torí orúkọ olóògbé ló wà níbẹ̀. Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn, obìnrin á bá ọwọ́ òfo lọ. Láyé àtijọ́, obìnrin ní àpótí tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nídìí ìró rẹ̀, ọkọ tó mọ ara rẹ̀ kì í ṣí i. Ṣé fóònù wá di àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni?

Láti ọdún 2017 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò RAVIP, tí ANIP sì ń bójú tó ìwé ìdánimọ̀, ọ̀nà ti ṣí fún ẹni tí kò ní ìwé ìbí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, ó lè ra púùsù lórúkọ ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù kò ju pé kí a sin àwọn ìyá wa lọ sí ibi tí wọn yóò ti ṣe é.

Ohun kẹta ni èdè àti ìwé. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa kò kàwé, èdè Faransé tó sì kún inú fóònù kò yé wọn. Ẹ wá wo ẹgbẹ́ tiwa yìí, ẹ má bínú sí mi. Ìkéde wa ti kó lọ sórí WhatsApp. Èdè Faransé la fi ń kọ ọ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Cotonou, ní Parakou, ní Nàìjíríà, á jíròrò ní òru, tí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá tó wà nílé, tó jẹ́ pé òun ló ń san owó ẹgbẹ́ déédéé, ẹnu ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò ti gbọ́. Nígbà tí a ń pàdé lábẹ́ igi, obìnrin lè dúró lẹ́yìn kó sì gbọ́ ohun tí a ń sọ. Lónìí, kò sí ẹ̀yìn tó lè dúró sí. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ tì, ó tì náà ni.

Ohùn obìnrin àti òfin tó ní ojú méjì

Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Angela Kpeidja, oníròyìn ní ORTB, kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Facebook. Ó sọ pé àwọn ọkùnrin ń fi ìbálòpọ̀ yọ obìnrin lẹ́nu níbi iṣẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin ń sọ nínú yàrá láti ọjọ́ pípẹ́, ó sọ ọ́ ní gbangba, gbogbo orílẹ̀-èdè sì gbọ́. Ààrẹ Patrice Talon fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè é, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ká ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà wo ni ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ ì bá gbà dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ? Orí tábìlì ọ̀gá kan ni ì bá kú sí. Èyí ni oore ọjà tuntun yìí, a kò gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ.

Òfin náà wà. Òfin ọdún 2012 lórí ìwà ipá sí obìnrin wà. Ní ọdún 2021, ìjọba dá Institut National de la Femme sílẹ̀, òfin tuntun kan sì jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún náà, èyí tó gbé ẹjọ́ ìwà ipá sí obìnrin lọ sí CRIET. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, òfin Code du numérique ti jáde. Abala 550 nínú rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀rọ yọ ènìyàn lẹ́nu, tó dẹ́rù bà á, tó kó ìpayà bá ọkàn rẹ̀, yóò ṣẹ̀wọ̀n láti oṣù kan sí ọdún méjì, yóò sì san owó ìtanràn láti fráǹkì 500.000 sí mílíọ̀nù 10.

Òfin dáadáa, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe lò ó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, oníròyìn kan, Ignace Sossou, kọ ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ níbi àpérò kan sórí Twitter àti Facebook. Wọ́n mú un, wọ́n ní ó fi ẹ̀rọ yọ agbẹjọ́rò ìjọba lẹ́nu, ilé-ẹjọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un. Nígbà tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dín in kù. Oṣù Kẹfà ọdún 2020 ló tó jáde. Mi ò wá síbí láti bá ilé-ẹjọ́ jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin tí wọ́n fi orúkọ ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu ṣe, ó yá lára láti dáàbò bo ẹni tó wà nípò. Ọmọbìnrin Gouka tí wọ́n pín fọ́tò rẹ̀ káàkiri, ṣé òfin náà yóò yára bẹ́ẹ̀ fún un? Torí náà, tí a bá ń bẹ ìjọba pé kó dáàbò bo obìnrin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kò gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ọlọ́pàá ní àṣẹ láti pa ẹnu gbogbo ìlú dé. Obìnrin tí wọ́n pa ẹnu rẹ̀ dé kò ní lè fẹjọ́ sùn.

Ohun kan náà ló bá pípa íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ ìdìbò 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo Benin. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú bínú. Ṣùgbọ́n tani ronú nípa obìnrin tí oníbàárà rẹ̀ wà lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà, tàbí ìyá tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ wà ní àlàáfíà ní Cotonou? Ní Togo, aládùúgbò wa, wọ́n gé e ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú pe ìjọba lẹ́jọ́, Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS sì dá a ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 pé ìjọba Togo rú òfin. Èyí kan gbogbo wa tí a wà nínú ECOWAS.

Ìtìjú tí a ń gbé lé orí ẹni tí kò jalè

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le báyìí. Ẹ̀yin olóyè, ẹ mọ̀ pé ẹjọ́ yìí ń wá sí ààfin. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan fẹ́ràn ara wọn. Ọmọbìnrin fi fọ́tò ránṣẹ́, tàbí ọmọkùnrin ya fídíò. Ìfẹ́ tú, ọmọkùnrin wá ní bí kò bá padà, tàbí bí kò bá san owó, òun yóò fọ́n ọn ká. Ó fọ́n ọn ká lóòótọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Bantè, ó ti dé Savalou, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Kí ni a máa ń ṣe? A ó pe ọmọbìnrin náà. A ó bi í pé kí ló dé tó ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ á gba fóònù rẹ̀. Ó lè kúrò nílé ìwé. Wọ́n á yára wá ọkọ fún un ní ìlú tó jìnnà. Ọmọkùnrin náà ńkọ́? Bàbá rẹ̀ á wá dọ̀bálẹ̀, á ní ọmọdé ló ń ṣe é, ọ̀rọ̀ á parí. Àwọn 200 ènìyàn tó gba fídíò náà, tí wọ́n sì tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó pè wọ́n rárá. Àwọn kan nínú wọn sì lè jókòó síbi tí a ti ń dá ẹjọ́ ọmọbìnrin náà.

Ẹ̀yin bàbá mi, bí olè bá wọ ilé, ṣé ẹni tó ni ilé la máa ń bi pé kí ló dé tó fi ní àpótí?

Ohun mìíràn tún ti dé tó yẹ kó yí ojú tí a fi ń wo ẹjọ́ yìí padà. Ẹ̀rọ wà báyìí tó lè mú fọ́tò ojú lásán, fọ́tò tí ọmọ yín yà nínú aṣọ ìjọ tàbí aṣọ ọdún, kó sì fi ṣe ìhòòhò tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kò sí ọmọ tí èyí kò lè ṣẹlẹ̀ sí, ìbáà ṣe ọmọ àlùfáà, ìbáà ṣe ọmọ ọba. Àwọn gáyímàn pàápàá, àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì, fọ́tò àwọn ọmọbìnrin tí kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń jí, wọ́n á fi ṣe ìdẹ fún àwọn ọkùnrin òkè òkun. Ọmọ náà lè má mọ̀ títí ọlọ́pàá yóò fi kanlẹ̀kùn. Nítorí náà, ìbéèrè "kí ló dé tó ya fọ́tò" kò wúlò mọ́. Ìbéèrè tó kù ni: ta ló fọ́n ọn ká?

Àwọn bàbá kan á ní ojútùú rẹ̀ ni pé kí a má fún ọmọbìnrin ní fóònù. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Bí a bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọbìnrin, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó fẹ́ ya fídíò rẹ̀. Ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò ní lè ké síni nígbà tí ewu bá dé, òun ni kò ní mọ iye kájú, òun ni yóò jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wá ilé ìwé. A fìyà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fẹ́ fi òfin de fóònù nínú ilé, ẹ fi de ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bákan náà.

Àwọn obìnrin káàkiri ayé ti ń rò ó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, àjọ kan tó ń jẹ́ Association for Progressive Communications kó àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin jọ ní Màléṣíà, wọ́n sì kọ ìlànà jáde lórí irú íntánẹ́ẹ̀tì tí obìnrin fẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn lè wọ inú rẹ̀, kí obìnrin lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lo àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Áfíríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà pàrọwà sí àwọn ìjọba pé kí wọ́n dáàbò bo obìnrin lọ́wọ́ ìwà ipá orí ẹ̀rọ. Àṣẹ lẹ́nu rẹ̀: ẹ̀yin tí ẹ ń dá ẹjọ́, gbólóhùn yẹn ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Fífi fọ́tò hàn ẹnì kan tí o fẹ́ràn kò jẹ́ àṣẹ fún gbogbo ìlú láti wò ó.

Àbá mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bẹ̀ yín fún.

Èkíní: púùsù lórúkọ ara ẹni. Kí ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́ méjì ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí yóò kọ orúkọ àwọn obìnrin tí kò ní ìwé ìdánimọ̀ sílẹ̀. Kí a kó wọn lọ sí mẹ́rì kí wọ́n gba ìwé, kí wọ́n sì yí púùsù àti MoMo wọn sí orúkọ ara wọn. Kí a parí rẹ̀ kí kájú tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, torí ìgbà yẹn ni owó ń rìn. Ẹ̀yin bàálé, ẹ yọ̀ǹda fún wọn. Owó tó bá wà lórúkọ ìyàwó yín, inú ilé yín náà ló wà.

Èkejì: gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́. Kí obìnrin wà lára àwọn tó ń darí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan. Kí a máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu, ní èdè wa, ṣe gbogbo ìkéde tí a bá kọ. Ohun tí a bá jíròrò lórí WhatsApp, kó má di ìpinnu títí a ó fi kà á sétí àwọn tó wà nílé, ní ọjọ́ ọjà, kí àwọn náà sì fèsì. Ìyẹn ò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹjọ́ fọ́tò àti fídíò. Kí ààfin àti ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé ẹni tó fọ́n ọn ká, àti àwọn tó gbà á tí wọ́n tún fi ránṣẹ́, àwọn ni yóò jẹ́jọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ọmọbìnrin tọrọ àforíjì. Kí àwọn ìyá méjì ó kéré tán jókòó níbi tí a ti ń gbọ́ ọ. Kí a má sì fi ẹjọ́ ààfin dènà ẹjọ́ ìjọba: bí ọmọbìnrin àti ẹbí rẹ̀ bá fẹ́ lọ sí kọ̀mísáríà, kí ẹgbẹ́ fi ènìyàn sìn wọ́n lọ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé mọ ohun tí a ń ṣe nígbà tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ má tètè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú fóònù, torí ẹ̀rí ni. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ hàn níbẹ̀. Ẹ má san owó fún ẹni tó ń dẹ́rù bà yín, torí ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún padà wá. Ẹ wá sọ fún àgbàlagbà kan tí ẹ fọkàn tán, kó tó di pé ìtìjú mú ọmọ ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá.

Ẹ̀kẹrin: ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọbìnrin wa tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ fóònù lò ju àwa lọ. Nígbà ìsinmi, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ìyá ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi: bí a ṣe ń wo owó MoMo fúnra wa, bí a kò ṣe gbọ́dọ̀ sọ kóòdù fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹni, bí a ṣe ń mọ ìròyìn èké. Àwọn ìyá náà yóò sì kọ́ wọn ní ohun tí fóònù kò lè kọ́ wọn, bí a ṣe ń mọ ènìyàn kí a tó fọkàn tán an.

Ẹ̀yin ará, òfin ìdìbò ọdún 2019 ti fi àyè 24 sílẹ̀ fún obìnrin nínú àyè 109 tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, a sì ti dìbò bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ìlú ti gbà pé obìnrin lè ṣòfin fún gbogbo Benin. Ṣé yóò wá ṣòro fún wa láti fi obìnrin kan sí ìdí gúrúùpù WhatsApp abúlé?

Àwọn àgbà ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin bá pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Ejò tó wà nínú fóònù yìí, obìnrin ló kọ́kọ́ ń bù ṣán, ṣùgbọ́n kò ní dúró sọ́dọ̀ obìnrin. Kábíyèsí, ẹ̀yin olóyè, àbá mẹ́rin náà wà níwájú yín. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ gba ìbò lé wọn lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé kọ iye ìbò sílẹ̀, kí a sì ka àbájáde rẹ̀ sétí àwọn tí kò lè wá, ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ní Bantè àti ní Tchetti.